Ẹjọ́ Ọwọ́ Àmínát

Ẹ̀yin tí ẹ bímọ sí Banjul láti ọdún 1996, tí ẹ jẹ́ Yorùbá, tí ẹ kò sì mọ Àmínát, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló wá bá yín wẹ ọmọ? Ìsọ̀ Àmínát wà ní ọjà Albert, ní ìhà tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wọlé, tèmi sì kángun sí tirẹ̀. Èmi ń ta òwú àti bọ́tìnnì. Òun ń ta gbogbo ohun tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun: ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn, àdí, òrí tó ń ti Mali wá, àti bàsíà kékeré, bàsíà ńlá. Bí ìyá ọlọ́mọ bá ra ọjà tán, Àmínát kò ní jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Á bi í pé, "Ta ló ń bá ọ wẹ̀ ẹ́?" Bí ìyẹn bá ti ń wolẹ̀, Àmínát á ní kí n bá òun wo ìsọ̀, á sì tẹ̀lé e lọ sílé.

Mo máa ń bínú, ẹ má rò pé n kì í bínú. Kí ni mo mọ̀ nípa àdí? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo obìnrin yẹn níbi tó ti ń wẹ ọmọ, inú yín á rọ̀. Á jókòó lórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀. Á fi àtẹ́lẹwọ́ tó ti tẹ̀ bọ omi gbígbóná mọ orí ọmọ yíká, díẹ̀díẹ̀. Á fa apá ọ̀tún sí òsì, á fa ti òsì sí ọ̀tún. Á di ọrùn ẹsẹ̀ méjèèjì mú, á sọ orí ọmọ kodò, á gbọ̀n ọ́n, á sọ ọ́ sókè, á hán an. Ọmọ á kọ́kọ́ ké bí ẹni tí wọ́n jí gbé. Tó bá ṣe díẹ̀, á dákẹ́, á máa wo ojú Àmínát, kí wọ́n sì tó fi àdí pa á tán, á ti sùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àmínát ni àgbà tí wọ́n ń wí ní ọjà tiwa. Àwọn Wolof bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, àwọn Akú náà sì ń pè é.

Ohun méjì ló ń fi pamọ́ fún ìlú. Àkọ́kọ́ ni orí rẹ̀ tó kéré. Mi ò sọ pé ó kéré díẹ̀ o, ó kéré gan-an ni, ìdí sì nìyí tí gèlè rẹ̀ fi máa ń ga ju ti gbogbo ọjà lọ. Èkejì ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Òkè ẹsẹ̀ méjèèjì ti wú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, wọn kò dùn ún, wọn kò sì wálẹ̀. Sálúbàtà ọkùnrin ló máa ń wọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ọ̀rọ̀ orí, torí pé èmi ni mo máa ń bá a di irun lẹ́yìn ìsọ̀.

Ó sọ ìtàn rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kan tí òjò dá wa dúró. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan, Kàfáyàt, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin nígbà náà, ló wẹ̀ ẹ́ ní ọmọ tuntun. Nígbà tí wọ́n rí i pé orí ọmọ kò tóbi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú, ìyá Àmínát fi igbe ta pé ọwọ́ Kàfáyàt ti le jù, pé ó fi ọwọ́ tẹ orí ọmọ wọlé, ó sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi wú. Gbogbo agbo ilé gbà á bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ́ kí Kàfáyàt fọwọ́ kan ọmọ tuntun mọ́. Nígbà tí òun náà lọ́kọ tó bímọ, ìyá ọkọ rẹ̀ ló wẹ àwọn ọmọ rẹ̀.

"Ìdí rèé tí mo fi kọ́ ìwẹ̀," ni Àmínát wí. "Mo ní ọmọ kankan kò ní jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ lójú mi. Ọwọ́ tèmi á tutù."

Ọwọ́ rẹ̀ tutù lóòótọ́. Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Àmínát bí, Khàdíjàt, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Crab Island. Orí ti Khàdíjàt kò kéré rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kún díẹ̀. Ó fẹ́ Momodou, ọmọ Akú tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Ẹ mọ àwọn Akú: àwọn baba ńlá wọn gba Freetown wá, wọ́n ń jẹ àkàrà, wọ́n ń pe ìsọmọlórúkọ ní kọmọjáde bíi tiwa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀ tó gùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì fi Akú dá yín lóhùn. Ìyá Momodou ni Yaa Sukai (Yaa ni wọ́n ń pe ìyá níbẹ̀), akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni. Ó lè fi ìka nu orí kọ́bọ́ọ̀dù nílé yín, kó wo ìka náà, kó má sì sọ nǹkan kan. Èmi àti irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣọ̀rẹ́.

Lọ́dún 2013, lẹ́yìn òjò, Khàdíjàt bí ọmọbìnrin. Irun orí ọmọ náà pọ̀ débi pé ó bò ó létí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni Àmínát ti ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé omi. Ayọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Títì ló ti máa ń kọrin bọ̀ wá sọ́jà.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ilé Yaa Sukai kún. Wọ́n pa àgbò, wọ́n din àkàrà, àlùfáà sì mú abẹ láti fá irun ọmọ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Bí irun ṣe ń bọ́ ni ilé ń pa rọ́rọ́. Nígbà tó fá a tán, a rí orí ọmọ. Ó kéré bí ọsàn. Obìnrin Wolof kan sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ndeysaan," ìyẹn ni pé ó ṣe ni láàánú. Àlùfáà pe orúkọ, ó ní Ramatoulie, gbogbo wa ṣe àmín, ṣùgbọ́n àmín náà kò lágbára.

Yaa Sukai gbé ọmọ náà. Ó wo orí, ó ṣí aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó rí i pé òkè ẹsẹ̀ méjèèjì wú. Ó kọjú sí Àmínát níwájú gbogbo àlejò.

"Na yu an!" ni Yaa Sukai wí. "Na yu an don mas di pikin ed!"

Ọwọ́ rẹ ni, ọwọ́ rẹ ló tẹ orí ọmọ yìí wọlé: ohun tó sọ nìyẹn. Ó ní òun ti rí bó ṣe ń fún orí ọmọ, bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ọ́ bí ẹran ọ̀sìn. Ó ní láti òní lọ, òun ni òun á máa wẹ ọmọ-ọmọ òun.

Ẹnu ń yún mi. Mo ti ká apá aṣọ sókè. Ṣùgbọ́n Àmínát wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn, ó kí àwọn àlejò, ó sì jáde. Mo bá a lọ́nà, mo ní kó jẹ́ ká padà lọ jà.

"Jà kí ni?" ó ní. "Ìwọ náà rí orí ọmọ. Bóyá ọwọ́ Kàfáyàt ló wà lára mi. Ẹbí kan náà ni wá. Mo rò pé mo sá fún un, àṣé ó wà níbẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, Àmínát kò wẹ ọmọ mọ́. Ó ń ta ọṣẹ, ó ń ta àdí, ṣùgbọ́n bí ìyá ọlọ́mọ bá ní kó wá, á ní ọwọ́ ń ro òun. Irọ́ ni. Mo gbà á níyànjú títí, ó sú mi. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ kó dùn mí lọ, nítorí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ráhùn pé ó ń fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún mi, ó sì wá ń jókòó sínú ìsọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò ní orin kankan lẹ́nu.

Khàdíjàt ló rí ọ̀nà. Ó gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Kanifing, nítorí ẹsẹ̀ tó wú. Dókítà Yankuba, ọmọ Mandinka, ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, yẹ ọmọ náà wò dáadáa. Ó ní kí ó kó àwọn ìyá àgbà méjèèjì wá.

A wọ takisí kan náà. Yaa Sukai jókòó níwájú, ó gbé báàgì lé itan. Èmi, Àmínát àti Khàdíjàt tó gbé ọmọ wà lẹ́yìn. Awakọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí a kọjá ọgbà ẹ̀wọ̀n Mile Two, mo wo ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, mo wo ẹ̀yìn ọrùn Yaa Sukai, mo sì ronú pé bí wọ́n bá ní kí n yan nínú méjèèjì èyí tí n ó bá gbé lọ́sẹ̀ kan, màá kọ́kọ́ bèèrè irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ní Mile Two.

Dókítà wo ọmọ, ó wo Khàdíjàt, ojú rẹ̀ wá sọ̀kalẹ̀ sára sálúbàtà ọkùnrin tó wà lẹ́sẹ̀ Àmínát. Ó fi Wolof bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bóyá ó lè bá òun tú gèlè. Mo rò pé Àmínát á dìde, á lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sunkún lákòókò yẹn, Àmínát sì wò ó, ó gbé ọwọ́ sókè, ó tú u.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: a rí orí Ramatoulie lọ́rùn àgbàlagbà.

Yaa Sukai la ẹnu. "Yu sef?" ni ohun tó lè sọ, ìyẹn ni pé ìwọ náà? Kí dókítà tó dá sí i, ó ti rí ẹ̀rí tuntun. Ó ní ṣé dókítà rí i báyìí, ìdílé ọlọ́wọ́ líle ni wọ́n, wọ́n ń tẹ orí ara wọn láti ìran dé ìran! Dókítà Yankuba rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní kò sí ọwọ́ tó lè mọ orí kéré bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ, lára Khàdíjàt àti Momodou tó ti èbúté wá bá wa níbẹ̀, ó sì gba ti Àmínát. Ó ní òun á fi ránṣẹ́ sókè òkun, pé ó lè pẹ́, kí a ní sùúrù.

Ó pẹ́. Yaa Sukai ń wẹ ọmọ ní gbogbo ìgbà yẹn, bí ẹ bá lè pè é ní ìwẹ̀. Ìka méjì ló fi ń ṣe é, bí ẹni ń fọ ife tó ti sán. Kò fọwọ́ kan orí, kò fa apá, kò fa ẹsẹ̀, ọmọ náà sì ń ké láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Khàdíjàt ní Momodou máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jáde lọ sí èbúté kí ago tó tó. Àmínát máa ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè lójoojúmọ́ pé, "Ṣé ó sùn lẹ́yìn ìwẹ̀?" Khàdíjàt á ní, "Rárá, Màmá." Kò sí ohun mìíràn tó máa ń bèèrè.

Ọmọ ti ń jókòó nígbà tí dókítà pe gbogbo wa, títí kan Momodou. Kì í fi Gẹ̀ẹ́sì ńlá da ènìyàn láàmú, mo sì gbọ́ ọ yé, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú. Ó ní èérún kéékèèké tí ojú lásán kò rí, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, la fi mọ ara wa. Kí ọmọ inú tó dàgbà, sẹ́ẹ̀lì kan á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Bí ó bá fẹ́ pín, àwọn okùn tín-ín-rín á ta láti ìhà méjèèjì. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tó ń rìn lórí okùn wọ̀nyẹn. Bí wọ́n ṣe ń rìn ni wọ́n ń ti ìhà kan kúrò lára èkejì, títí ẹrù inú sẹ́ẹ̀lì á fi pín dọ́gba. Àbùdá tó ń kọ́ ara bí wọ́n ṣe ń ṣe òṣìṣẹ́ náà ni KIF11. Gbogbo wa la ní in ní ìlọ́po méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ti ẹbí Àmínát, ọ̀kan nínú méjèèjì ní àléébù. Òṣìṣẹ́ kò wá pọ̀ tó. Èmi fi wé àwọn tó ń fi ọ̀pá ti ọkọ̀ kúrò létí omi: bí wọn kò bá pọ̀, ọkọ̀ á kúrò, àmọ́ á falẹ̀. Ọpọlọ, tó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pín kíákíá, kò ní tóbi tó ti ẹlòmíràn, omi ara tó yẹ kó ṣàn kúrò lẹ́sẹ̀ á sì dúró síbẹ̀.

Ó ní kò rí bákan náà lára gbogbo ẹni tó bá ní in. Ó fojú fo orí Khàdíjàt, ó mú tọmọ rẹ̀. Ramatoulie lè pẹ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ó lè ní láti ní sùúrù pẹ̀lú ìwé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa yẹ ojú rẹ̀ wò lọ́dọọdún, nítorí ó máa ń kan ẹ̀yìn ẹyinjú. Wọ́n ti yẹ ẹ́ wò báyìí, ó ń ríran dáadáa. Khàdíjàt di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú.

Yaa Sukai ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "So no bi an?"

"No bi an," ni dókítà dá a lóhùn. Kì í ṣe ọwọ́. Ó kọjú sí Àmínát, ó ní, "Màmá, ọ̀dọ̀ yín ló ti wá, ó gba ara ọmọ yín kọjá. Ẹ̀yin náà, ọ̀dọ̀ ìyá tàbí bàbá yín lẹ ti gbà á. Kò sí ẹni tó jẹ̀bi."

Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé obìnrin náà á sunkún pé òun ló fi nǹkan yìí fún ọmọ-ọmọ òun. Àmínát rẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín débi pé nọ́ọ̀sì kan yọjú wò wá. "Èmi ni mo fún un?" ó ní. "Èmi tí mo fi orí yìí tajà, tí mo fi lọ́kọ, tí mo fi bí olùkọ́? Kò burú! Á bá mi wọ gèlè ńlá." Ó nawọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń yí wọn padà bí ìgbà tí ènìyàn bá gba ohun tó sọnù. Orí burúkú kì í wú tuulu, a kì í dá ẹsẹ̀ aṣiwèrè mọ̀ lójú ọ̀nà. Orí tó bá kéré náà, ẹni tó ni ín ló mọ ohun tó ń fi ṣe. Inú mi dùn, mo sì ń sunkún bí òmùgọ̀.

Lójijì, ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

"Kàfáyàt," ni Àmínát wí. "Áà! Kàfáyàt."

Yaa Sukai kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì. Bí a ṣe dé ilé rẹ̀, ó wọ ilé ìdáná, ó gbé omi kaná fúnra rẹ̀. Ó gbé bàsíà jáde sí àgbàlá, ó gbé àpótí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó nu àpótí náà. Ó gbé Ramatoulie wá, ó sì fi lé Àmínát lọ́wọ́.

"Yaa Àmínát," ó ní, "di wata don wam."

Omi ti lọ́ wọ́ọ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, mo sì dárí jì í lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kọ́ ló bẹ̀.

Àmínát kò tíì jókòó. Ó ní kí Khàdíjàt kọ́kọ́ bá òun pe Ìsẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n Àmínát kan níbẹ̀ gbé fóònù fún Màmá Kàfáyàt, Khàdíjàt sì tẹ tiwa kí gbogbo wa lè gbọ́. Àmínát kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì bí ẹni pé ìyá náà lè rí i. Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó tún ọ̀rọ̀ náà pè.

"Nínú ẹ̀jẹ̀," ó ní.

"Nínú ẹ̀jẹ̀ ni, màmá. Kì í ṣe ọwọ́ yín. Kò fìgbà kan jẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì wá."

"Ìyá rẹ ti kú," ni Màmá Kàfáyàt wí. "Bàbá rẹ ti kú. Ìyá ọkọ mi ti kú. Ta ni kí n wá lọ sọ fún?" Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, Àmínát. N kò fọwọ́ mi wẹ ọ̀kan nínú wọn."

Ramatoulie, tí Àmínát ti gbé padà sórí itan ìyá rẹ̀, na ọwọ́ sínú bàsíà, ó fi gbá omi.

"Omi kí ni mo ń gbọ́ yẹn?" ni ìyá náà bèèrè.

"Omi ìwẹ̀ ọmọ Khàdíjàt ni, màmá. Mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́."

"Gbé fóònù náà sún mọ́ ọn." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kí ẹnì kan bá ọ dì í mú. Jókòó. Na ẹsẹ̀ rẹ. Ti ìgúnpá bọ omi náà wò, ṣé kò gbóná jù?"

Àmínát, tó ti wẹ ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì Banjul, ti ìgúnpá bọ omi bí akọ́ṣẹ́. "Kò gbóná jù, màmá."

"Kọ́kọ́ bù ú sí i láyà. Ọṣẹ. Àyà, ẹ̀yìn, abẹ́ apá. Ó dáa. Wá mọ orí rẹ̀."

Ọwọ́ Àmínát dúró lókè orí ọmọ.

"Mọ ọ́n," ni ohùn náà wí láti Ìsẹ́yìn. "Má bẹ̀rù. Kò lè kéré ju bí Ọlọ́run ṣe dá a. Fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ sí i."

Ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i. Ọmọ náà kò ké. Ó ń wo ojú ìyá àgbà rẹ̀, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọmọ tí kò tíì léyín púpọ̀.

"Ó ń rẹ́rìn-ín!" ni Màmá Kàfáyàt pariwo. "Ẹ ò gbọ́ ọ ni? Ẹ̀yin ilé, ẹ wá gbọ́! Mo ti wẹ ọmọ! Èmi Kàfáyàt, mo ti wẹ ọmọ!"

Yaa Sukai ló di fóònù náà mú lókè bàsíà, omi ti rin apá aṣọ rẹ̀ tó lọ̀ láàárọ̀. Ó bi mí pé kí ni ìyá náà ń sọ. Mo sọ fún un. Ó nu imú rẹ̀, ó ní kí n sọ fún ìyá náà pé kó má gbàgbé, ìwẹ̀ mìíràn wà láàárọ̀ ọ̀la.